Ilé Kò Gbà Wá Mọ́: Ìtàn Bí Yàrá Ilé Yorùbá Ti Ń Yí Padà Bí Ẹbí Ti Ń Pọ̀ Sí I

Kí páànù àti símẹ́ńtì tó wọ ilẹ̀ Yorùbá, agbo ilé ni tọmọdé tàgbà ń gbé. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ sọ bí ilé ọ̀hún ti rí: ilé tí ó ṣe agbo, tí àwọn yàrá rẹ̀ tò yí àgbàlá ká, tí ilẹ̀kùn wọn gbogbo kọjú sí inú, tí ẹnu-ọ̀nà ńlá kan sì jáde sí ìta. Baálé ni olórí ibẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn àbúrò rẹ̀ wà, àti àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, àwọn ìyàwó ilé, ọmọ wọn, àlejò tí ó ti pẹ́ títí tí ó fi di ará ilé, àti, láyé ogun, ẹrú àti ìwọ̀fà. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897 ṣùgbọ́n tí a kò tẹ ìwé náà jáde títí di 1921, kò gbàgbé láti ṣàpèjúwe irú ilé bẹ́ẹ̀. N. A. Fádípẹ̀ náà kò fò ó dá nínú iṣẹ́ rẹ̀ ti 1939, èyí tí ó di ìwé ní 1970.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé kì í bèèrè nígbà tí wọ́n bá ka àpèjúwe wọ̀nyí ni pé, báwo ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe ń gba èrò? Ọdún kan kì í lọ kí wọ́n má gbé ìyàwó wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ọdún kan kì í lọ kí wọ́n má sọ ọmọ lórúkọ. Ọmọkùnrin tí ó gbéyàwó kì í sì kúrò nílé baba rẹ̀. Ibẹ̀ ni aya rẹ̀ yóò bá a. Bí a bá wo àwòrán agbo ilé inú ìwé, a ó rò pé bí wọ́n ti mọ ọ́n ní ọjọ́ kìíní ni ó wà títí láé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ilé tí kò dúró lójú kan ni agbo ilé.

Ìdí tí ó fi lè máa gbòòrò ni pé yàrá inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba gbogbo. J. M. Vlach, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí lórí ilé Yorùbá, kọ ọ́ ní 1976 pé ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 10 ní ìbú àti 20 ní gígùn, èyí tí a pín sí yàrá méjì, ni ó jẹ́ ìpìlẹ̀ ilé Yorùbá, láti orí ahéré oko títí dé ààfin. Bí a bá to irú ìwọ̀n yìí mọ́ ara wọn, ó di agbo ilé. Bí èrò bá pọ̀, a tún fi òmíràn kún un. Bí àyè kò bá sí mọ́ ní etí àgbàlá ti àkọ́kọ́, wọn a dá ògiri ẹ̀yìn lu, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ àgbàlá mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Èyí ni ó mú kí àwọn ilé ìdílé ńlá ní ìlú bí Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ní àgbàlá nínú àgbàlá, tí àlejò fi lè ṣìnà nínú wọn.

Nínú yàrá fúnra rẹ̀, àtúnṣe kò ṣòro. Ohun tí ó wà níbẹ̀ kò pọ̀: ẹní, àpótí, igbá, ìkòkò, aṣọ lórí okùn. Nínú yàrá ìyàwó ni òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ kéékèèké ń sùn. Bí ọmọkùnrin bá bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, kò tún sùn lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ mọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni yóò tẹ́ ẹní rẹ̀ sí pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ló ń gba èrò tí yàrá kò gbà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba àlejò, ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń ran òwú, ibẹ̀ náà ni àwọn ọ̀dọ́ ń sùn sí. Nígbà tí ọmọkùnrin náà bá tó gbéyàwó, baálé yóò fún un ní yàrá. Ó lè jẹ́ yàrá arúgbó kan tí ó ti kú, ó sì lè jẹ́ tuntun. Bí ó bá jẹ́ tuntun, ọ̀wẹ̀ ni wọn yóò fi mọ ọ́n: àwọn ọ̀dọ́ a po amọ̀, wọn a mọ ìpele kan, wọn a fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ẹ̀ẹ̀rùn ni ìgbà iṣẹ́ yìí, nítorí ògiri tútù kò gbọdọ̀ bá òjò pàdé.

Ọkùnrin ló ń mọ ilé, ṣùgbọ́n obìnrin ló ń sọ ọ́ di ibi tí ènìyàn lè gbé. Àwọn ni wọ́n ń rẹ́ ògiri tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ dán an. Àwọn ni wọ́n ń fi ìgbẹ́ màlúù àti oje ewé pa ilẹ̀ yàrá títí yóò fi le tí yóò sì máa dán. A máa ń gbójú fo iṣẹ́ yìí nínú ìtàn nítorí pé kò ní orúkọ ẹnìkan pàtó lára, òjò sì máa ń wẹ̀ ẹ́ dànù. Síbẹ̀ ó ní àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tirẹ̀. Akunlé ni à ń pe obìnrin tí ó mọ iṣẹ́ kíkun ilé. Ní ojúbọ Òrìṣà Ìkirè ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin ni wọ́n máa ń tún ara ògiri kùn, tí wọn a fi àwọ̀ funfun, pupa àti dúdú ya àwòrán sí i. Ẹfun ló ń pèsè funfun, amọ̀ àti osùn ló ń pèsè pupa, èédú àti aró ló sì ń pèsè àwọ̀ tí ó ṣú. Ulli Beier wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ̀wé nípa iṣẹ́ náà. Ohun tí a rí ní ojúbọ yìí kò yàtọ̀ sí èrò tí ó wà nínú ilé gbogbogbòò: bí ọdún bá yí, kí ara ilé náà yí.

Òrùlé ni ìṣòro tí ó tóbi jù. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, koríko ni wọ́n fi ń bo ilé. Ní ilẹ̀ igbó, ewé gbódógi wà níbẹ̀. Ọdún Bẹẹrẹ ní Ọ̀yọ́, nígbà tí àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin máa ń ru koríko bẹẹrẹ wá sí ààfin fún títún òrùlé ṣe, fi hàn bí ọ̀ràn yìí ti wúwo tó. Òrùlé ọba pàápàá ń jẹrà, ó sì gba gbogbo ìlú kí ó tó tún bò. Bí iná bá wá ṣẹ́ ní ẹ̀ẹ̀rùn, a máa jó láti agbo ilé kan dé èkejì. Òwe tí ó ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ló bù sí i, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfiwé nìkan lẹ́nu àwọn tí ó kọ́kọ́ pa á. Ojú wọn ni ó ṣe.

Ibi tí ìyípadà ńlá ti bẹ̀rẹ̀ ni etíkun. Ní Bàdágìrì ni àwọn oníwàásù ìjọ C.M.S. ti kọ́ ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí a ń fi hàn títí di òní, èyí tí ó parí ní 1845. Ṣùgbọ́n ilé òyìnbó kọ́ ni Yorùbá fi ṣe àwòkọ́ṣe jù. Ilé àwọn ọmọ Yorùbá tí ó ti Bràsíìlì padà bọ̀ ni.

Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, ṣe ní Bàhíà ní 1835, ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fòòró àwọn adúláwọ̀ tí ó ti gba òmìnira. Ọ̀pọ̀ wọn wọkọ̀ padà sí Wíìdà, Àgọ́ùé, Pọ́tòòfò àti Èkó. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì sì gba Èkó ní 1861, wọ́n túbọ̀ pọ̀ sí i. Agùdà ni Èkó ń pè wọ́n, Pópó Àgùdà sì ni àdúgbò wọn. Nínú wọn ni bíríkìlà àti káfíńtà tí kò lẹ́gbẹ́ wà. Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre ní ọwọ́ nínú kíkọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ìjọ Àgùdà tí a parí ní 1881. João Baptista da Costa ló ṣe aṣíwájú níbi kíkọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí a ṣí ní 1894. Kí òǹkàwé ṣàkíyèsí èyí: àwọn ọwọ́ tí ó kọ́lé fún onígbàgbọ́ ni ó kọ́lé fún Mùsùlùmí, kò sì sí ẹni tí ó rí àléébù nínú rẹ̀.

Ilé tí wọ́n mú wá kò ní àgbàlá láàárín. Ọ̀nà tóóró kan ni ó là á já láti ẹnu-ọ̀nà iwájú dé ẹ̀yìnkùlé, yàrá sì tò sí ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì. Ilé ìdáná, balùwẹ̀ àti kànga wà lẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì, bẹ́ẹ̀ náà ni òkè rẹ̀ rí. Ní ìta, wọ́n fi símẹ́ńtì ṣe ọnà yí ojú fèrèsé ká, wọ́n gbẹ́ òdòdó sára ilẹ̀kùn, wọ́n gbé òpó ró ní iwájú, wọ́n sì kun ún ní àwọ̀ tí ó gba ojú. Nínú àwọn tí ó lókìkí jù ni ilé João Esan da Rocha ní òpópónà Kakawa. Ọmọ Iléṣà tí wọ́n mú lẹ́rú ní kékeré ni bàbá náà, ó sì ti Bàhíà mú ọmọ rẹ̀, Candido, bọ̀ wá sí Èkó. Kànga tí wọ́n gbẹ́ sínú ilé yìí ni wọ́n fi ń ta omi fún ará ìlú, ìdí nìyí tí a fi sọ ilé náà lórúkọ omi. Ọmọ Bràsíìlì kan, Antonio Olinto, fi orúkọ náà pe ìwé ìtàn-àròsọ rẹ̀ ní 1969.

Kí ni ó dé tí Yorùbá gba ilé yìí tọwọ́ tẹsẹ̀, nígbà tí ó mú àgbàlá, ọkàn agbo ilé, kúrò? Vlach tún gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò ní 1984, àlàyé rẹ̀ sì bá ojú mu. Ó ní ohun tí Yorùbá rí nínú ilé Agùdà ni agbo ilé tí a ká pọ̀. Ẹ fi ojú inú wo àgbàlá tí a fún ní ìhà méjèèjì títí tí ìlà yàrá méjì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Àlàfo tóóró tí ó kù láàárín ni ọ̀nà inú ilé náà. Yàrá ṣì dọ́gba, ilẹ̀kùn ṣì kọjú sí ara wọn, ẹnu-ọ̀nà kan ṣì ni gbogbo ará ilé ń gbà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ pàápàá kò sọ orúkọ rẹ̀ nù, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe ọ̀nà àárín yìí di òní. Vlach kan náà ti kọ́kọ́ sọ pé ìwọ̀n yàrá Yorùbá wà lára ohun tí ó bí àwọn ilé tóóró tí adúláwọ̀ ń kọ́ ní Haiti àti New Orleans. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé yàrá náà re òkun, ó sì tún ti ibòmíràn gbà padà wálé.

Ṣùgbọ́n ohun kan sọnù, kò sì yẹ kí a fi ìyìn bò ó mọ́lẹ̀. Agbo ilé lè fi àgbàlá mìíràn kún ara rẹ̀. Ilé Agùdà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ògiri ẹlòmíràn wà ní ìhà rẹ̀ méjèèjì. Òkè nìkan ni ó kù tí ó lè gbà gbòòrò, òkè sì gba owó.

Owó náà dé lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin láti Èkó ti wọ Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ọkọ̀ tí ó ń gbé kòkó lọ sí èbúté ni ó ń gbé páànù àti símẹ́ńtì bọ̀. Ní Ìbàdàn, Iléṣà, Oǹdó àti Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni tí kòkó tàbí òwò bá ti gbè kì í pẹ́ kó tó gbé pẹ́tẹ́ẹ̀sì dúró. Ọ̀pọ̀ nínú ilé wọ̀nyí, amọ̀ ni ògiri wọn. Símẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ lára nìkan ni ó mú un jọ ti Èkó. Nígbà tí ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ewékorò ní 1960, ọ̀wọ́n símẹ́ńtì dínkù, àwọn akunlé sì bẹ̀rẹ̀ sí í kásẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀dà inú agolo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹfun. Iṣẹ́ tí obìnrin ń ṣe bọ́ sọ́wọ́ ọkùnrin, ó sì di iṣẹ́ tí à ń sanwó fún.

Inú yàrá náà yí padà. Bẹ́ẹ̀dì gba ipò ẹní, kọ́bọ́ọ̀dù gba ipò okùn aṣọ. Yàrá tí ó súnmọ́ ẹnu-ọ̀nà jù di pálọ̀: àga tò yíká, àwòrán bàbá àti ìyá kọ́ sí ara ògiri lókè pátápátá, ó sì tẹrí ba díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ kí wọ́n lè máa wo ẹni tí ó bá wọlé. Lẹ́yìn tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní 1955, ilé tí kò ní ju ẹyọ ọmọ kan tí ó ń lọ sí ilé-ìwé tẹ́lẹ̀ di ilé ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ó ń wá ibi tí yóò gbé sílétì àti àtùpà sí. Aṣọ ìkélé ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi yanjú rẹ̀. Wọn a ta á la yàrá kọjá. Ìyá àti bàbá wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ wà níwájú. Àwọn tí ó ní yàrá púpọ̀ sì fi ìhà kan ilé sílẹ̀ fún ayálégbé, kí owó ilé lè di owó ilé-ìwé. Báyìí ni ilé tí a kọ́ fún ẹbí ṣe di èyí tí à ń fi àwàdà pè ní kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ.

Ta ni ó wá ni yàrá tí ènìyàn fi owó ara rẹ̀ tún ṣe? Ìbéèrè yìí ti da ẹbí rú ju ìyàn lọ. Ní Èkó, olóyè kan tí ń jẹ́ Mabinuori kú ní 1874, ó sì fi agbo ilé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ìyá wọn kì í ṣe ọ̀kan. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi dé ilé-ẹjọ́ ní 1908, ọmọ-ọmọ ti wọ̀ ọ́. Ohun tí ilé-ẹjọ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ẹjọ́ náà ni pé ti ẹbí lápapọ̀ ni irú ilé bẹ́ẹ̀, dáwódù ni olórí rẹ̀ lẹ́yìn bàbá, bí dáwódù bá sì kú, ọmọ tí ó dàgbà jù nínú àwọn tí ó kù ni ó kàn, ìbáà ṣe obìnrin. Àwọn tí ó ń sọ pé àṣà Yorùbá kò fi obìnrin ṣe olórí ẹbí rí kò bá ti ka ẹjọ́ yìí kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

Ohun tí ó tẹ̀lé e nira fún ọ̀pọ̀ láti gbà. Ẹni tí a fún ní yàrá nílé ẹbí lè gbé inú rẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó lè rẹ́ ẹ, kí ó kùn ún, kí ó fi páànù rọ́pò koríko, kí ó ya fèrèsé tuntun. Gbogbo owó yẹn kò sọ yàrá náà di tirẹ̀ láti tà. Ilé ẹbí ni ó tún ṣe. Òfin yìí dà bí ìrẹ́jẹ lójú ọ̀dọ́ tí ó ń rà símẹ́ńtì, ṣùgbọ́n òun ni ó dáàbò bo opó àti ọmọ òrukàn tí kò ní owó láti ra ohunkóhun. Bí kò bá sí òfin náà, ẹni tí ó lówó jù ní ìran kọ̀ọ̀kan ì bá ti lé àwọn tó kù síta.

Pípín pẹ̀lú ní ìjà tirẹ̀. Ṣé orí-ojorí ni a ó fi pín yàrá, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìwọ̀n kan náà, tàbí ìdí-igi, kí ìyá kọ̀ọ̀kan dúró fún ìpín kan? Súbérù Dáwódù ti Èkó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ẹjọ́ lórí ogún rẹ̀ dé ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1962, àwọn adájọ́ ibẹ̀ sì gbà pé ìdí-igi jẹ́ òfin Yorùbá tí ó ṣì dúró. Ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí lè tipa bẹ́ẹ̀ gba ìwọ̀n tí ọmọ mẹ́ta láti inú ìyá mìíràn yóò jọ pín. Èyí kò ṣàìbá bí yàrá ti wà nígbà ayé bàbá mu: ìyàwó kọ̀ọ̀kan ló ní yàrá, kì í ṣe ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Ní 1955 kan náà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìjọba fi ọwọ́ mìíràn mú ọ̀ràn ilé tí kò gba èrò ní Èkó. Ìgbìmọ̀ tí ń rí sí títún Èkó ṣe, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1928 nígbà tí àrùn eku ń jà ní ìlú, pinnu láti wó àwọn àdúgbò tí ó há jù ní àárín gbùngbùn Ìsàlẹ̀ Èkó, kí wọ́n sì kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Lójú onímọ̀ ètò ìlú, oore ni. Omi ẹ̀rọ wà ní ibẹ̀, ilé ìdáná wà, afẹ́fẹ́ wà. Peter Marris, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, lọ ka ọ̀ràn náà lẹ́nu àwọn tí ó kàn, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ohun tí wọ́n wí fún un yàtọ̀. Ní Èkó, ọ̀pọ̀ wọn kì í san owó ilé, nítorí pé ilé bàbá wọn ni wọ́n ń gbé; ní Sùúrùlérè, owó ilé di ẹrù oṣooṣù. Obìnrin tí ó ń tajà ní iwájú ilé rẹ̀ tàbí ní ọjà ìtòsí ní láti wọ bọ́ọ̀sì kí ó tó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Pàtàkì jù lọ ni pé ilé tuntun náà ni wọ́n wọ̀n fún bàbá, ìyá àti ọmọ. Kò sí yàrá ìyá àgbà nínú rẹ̀. Kò sí ti àbúrò bàbá, kò sì sí ti ìyàwó kejì. Àwọn tí ó ti ń bá ara wọn jẹun láti kékeré wá di ẹni tí ń bẹ ara wọn wò ní ọjọ́ Àìkú.

Kì í ṣe pé àwọn tí ó kọ́ ilé yìí burú. Wọ́n ka iye ènìyàn tí ó wà nínú yàrá, wọn kò sì ka ohun tí ó so wọ́n pọ̀. Àárín gbùngbùn Èkó fúnra rẹ̀ kò sì bọ́ lọ́wọ́ ìwólulẹ̀. Ilé ìdílé Fernandez nítòsí ojúde Tinúubú, tí Agùdà kọ́ ní nǹkan bí 1855 tí gbogbo Èkó mọ̀ sí Ilọ́jọ̀, di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Àmì náà kò gbà á. Wọ́n wó o ní oṣù kẹsàn-án 2016.

Ní Sùúrùlérè, àwọn ènìyàn dá a ṣe fúnra wọn. Ẹni tí ó bá rìn gba àwọn òpópónà ilé ìgbà náà kọjá lónìí yóò rí i pé díẹ̀ ni ó ṣì wà bí ìgbìmọ̀ ti kọ́ ọ. Wọ́n ti fa iwájú èyí síta, ó ti di ṣọ́ọ̀bù ìyá. Wọ́n ti bo ẹ̀yìnkùlé tọ̀hún ní páànù, ó ti di yàrá méjì. Wọ́n ti gbé òkè lé òmíràn fún ọmọkùnrin tí ó gbéyàwó.